Ṣé o mọ̀? Igi tó so fún ẹyẹ, tó ń kun ènìyàn lóorun

Bí o bá ń rìn létí oko ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lágbègbè Èjìgbò, máa wo igi tó ń so wẹ́wẹ́, tí èso rẹ̀ ń pọ́n ròrò. Asofẹ́yẹjẹ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tó ń so fún. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn adáhunṣe fi ń tọ́jú wèrè. Aláìsàn tí kì í rí oorun sùn tóru-tọ̀sán á wá sùn fọnfọn.

Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà reserpine, tó ń kun ènìyàn lóorun, lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà. Èròjà yẹn náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa! Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ.

Ṣùgbọ́n má ṣe gbé gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ kaná fúnra rẹ o. Ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tó fúyẹ́ fún oorun, ewé tíì (lemongrass) ń bẹ lẹ́yìnkùlé: rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mu ife kan péré nírọ̀lẹ́, kí ìtọ̀ má baà jí ọ lóru.