Ìjẹ́wọ́ Láìsí Ẹgba

Tí mo bá sọ ní kọ́ọ̀tù Ìkẹjà pé oníbàárà mi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Ta ló lù ú?" Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni lù ú.

Ní 1936, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ẹjọ́ ikú tí wọ́n dá fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ní Mississippi, torí pé ẹgba ni wọ́n fi gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu wọn. Bí ẹgba ṣe ń di èèwọ̀, ìmọ̀ nípa èrò ọkàn ẹ̀dá ń rọ́pò rẹ̀. Ní 1962, ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Inbau àti John Reid, ọlọ́pàá Chicago tẹ́lẹ̀, gbé ìwé kan jáde tó kọ́ni lọ́gbọ́n náà. Mú afurasí nìkan wọ yàrá kékeré. Sọ fún un pé ó dá ọ lójú pé òun ni. Tó bá fẹ́ sẹ́, dá a lẹ́nu dúró. Lẹ́yìn náà ni kí o rẹ ohùn sílẹ̀, kí o bá a wá àwáwí: "Bóyá inú ló bí ọ."

Reid ti lo irú ọgbọ́n yìí ní Lincoln, Nebraska, ní 1955, fún ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní irọ́ ni. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Ẹlòmíràn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí ìpànìyàn ti sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ pé òun lòun pa obìnrin náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò jáde títí ó fi kú ní 1988. Ọdún 2012 ni ìjọba Nebraska tó tọrọ àforíjì.

Àwọn onímọ̀ èrò ọkàn náà ló tún tú àṣírí ọ̀hún. Ní 1996, Saul Kassin àti Katherine Kiechel gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì kan. Kọ̀ǹpútà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, 69 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn kan gbà á gbọ́, wọ́n ń ṣàlàyé bí ọwọ́ wọn ṣe kàn án.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó sọ pé kí wọ́n fi fídíò gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ wá, ohun tí mo ń béèrè ni iye wákàtí tí wọ́n ti lò pẹ̀lú afurasí náà kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.