Apátí Ìbọn Ṣakabùlà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Àléébù Rẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ jẹ́ kí á dojú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni n ó sì fi parí. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn, tí ó ń mú kí ẹ̀tù gbiná, ni mo ń pè ní apátí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà ni ìbọn ṣakabùlà kan tí bàbá mi, tí í ṣe ọdẹ, fi sílẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ní ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ bàbá wa papò dà, àwọn ẹbí ní kí a gbé ìbọn náà jáde, kí a lè yìn ín gẹ́gẹ́ bí àṣà ìsìnkú ọdẹ. Ní yàrá àlejò ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè, a gbé òòlù rẹ̀ dé ìdajì, a sì gbé ìbọn lé orí tábìlì. Ọmọdé kan fi ara gbá tábìlì. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan irin ìfà, síbẹ̀ òòlù já wálẹ̀, iná sì ṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kò tí ì ki ẹ̀tù sí i. Ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí ni ẹnu ìbọn náà kọjú sí.

Ìtàn ránpẹ́

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Dẹ́nímáákì pe ìbọn yìí, nítorí pé àwọn oníṣòwò Dẹ́nímáákì wà lára àwọn tí ó kó irú rẹ̀ wá sí etíkun wa. Nígbà tí ó yá, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Òun ni ìbọn tí ó wọ́pọ̀ ní ogun Ìjàyè (1860 sí 1862). Ní ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó, èyí tí a ń ki láti ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ẹ̀yìn lójú ogun. Kò di ohun ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọdẹ, nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ bí a ti ń tún un ṣe àti bí a ti ń rọ irú rẹ̀. Kì í ṣe ráífù: inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ìlà yíyí. Ṣùgbọ́n apátí ráífù olókùúta àtijọ́ àti tirẹ̀ jọ ara wọn, àléébù wọn sì jọra.

Bí apátí ti ń ṣiṣẹ́

Irin ńlá kan tí ń ta padà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípírín, ni agbára apátí. Sípírín yìí ń ti irin róbótó kan, èyí tí òun àti òòlù tí ó di òkúta mú jọ ń yí pọ̀. A gbẹ́ ojú ìkọ́ méjì sí ara irin róbótó náà. Ti àkọ́kọ́, tí í ṣe ti ìdajì, jinlẹ̀, kí ó lè di ìkọ́ mú ṣinṣin. Ti èkejì, tí a fi ń yìn ín, kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìka bá fa irin ìfà, irin ìfà yóò ti apá ìkọ́, ìkọ́ yóò yọ kúrò ní ojú kejì, òòlù yóò sì sáré wálẹ̀. Òkúta yóò ha ojú irin ìṣáná, yóò sì ṣí i kúrò lórí àwo ẹ̀tù. Iná yóò já sínú àwo, yóò sì gba ihò kékeré kan wọlé bá ẹ̀tù inú ọ̀pá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ara òkúta ni iná náà ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta ń bó irin wẹ́wẹ́; irin wẹ́wẹ́ náà ni ó gbóná tí ó sì ń jó nínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni irin ìṣáná tí ó rọ̀ kì í fi í ṣáná dáadáa, bí ó ti wù kí òkúta mú tó.

Ìbọn tí ó kọ̀

Mo tọ alágbẹ̀dẹ kan tí ó ní àṣẹ lọ ní Muṣin, ní ibi tí kò jìnnà sí Ládípọ̀ tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Sípírín ọkọ̀ àlòkù ni bàbá náà fi ń rọ sípírín ìbọn. Kò bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìbọn wa. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi mí: Ṣé iná ń ṣẹ́? Ṣé àwo ń gbiná? Ṣé ọ̀pá ń dún?

Bí iná kò bá ṣẹ́, òkúta ni a ó kọ́kọ́ wò, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti pààrọ̀. Ṣé ẹnu rẹ̀ ṣì mú? Ṣé awọ tí a fi wé e dì í mú dáadáa? Ṣé gbogbo ẹnu rẹ̀ ni ó ń kan irin ìṣáná lẹ́ẹ̀kan náà? Bí òkúta kò bá ní àléébù, a ó wo irin ìṣáná. Bí ó bá ti rọ̀, alágbẹ̀dẹ yóò dé e mọ́ inú ìkòkò pẹ̀lú èédú àti àjákù awọ, yóò yọ́ ọ nínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì rì í bọ omi. Lẹ́yìn náà ni a ó wo àwọn sípírín: bí ti irin ìṣáná bá le ju bí ó ti yẹ lọ, òòlù kò ní lè ṣí i.

Bí iná bá ṣẹ́ tí àwo kò gbà á, ẹ̀tù ti fa omi. Èyí wọ́pọ̀ ní Èkó, nítorí òjò àti afẹ́fẹ́ òkun, àti nítorí pé èérí ẹ̀tù tí ó ti jó a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí àwo bá jó tí ọ̀pá kò dún, ihò ti dí, tàbí kí iná ṣì wà ní ojú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yẹ ẹnu ìbọn wò ní irú àkókò yìí. Kí ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó sì ní sùúrù fún ìgbà pípẹ́.

Ìbọn tí kì í gbọ́ràn

Àléébù tiwa kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí. Irin ìfà le nígbà mìíràn, òòlù kì í sì í dúró nígbà mìíràn. Ọ̀nà mẹ́ta ni bàbá náà gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ apátí kúrò lára igi, ó gbé òòlù rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò dì í mú bí ó ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí irin má baà ṣẹ́. Òòlù dúró ní òkè. Ó dá apátí padà sínú igi, ó dẹ àwọn bóòtù rẹ̀. Òòlù tún dúró. Ó fún bóòtù le. Òòlù kò dúró mọ́. Nígbà náà ni ó sọ pé, “Tíṣà, igi ni ó ń bá irin yín jà.” Ó fi èédú àtùpà kun irin, ó tì í wọlé, ó sì yọ ọ́. Ibi tí igi dúdú sí ni ibi tí ó ti ń tẹ apá ìkọ́. Òjò ti mú igi wú. Ó ha ibẹ̀ díẹ̀, ìjà sì parí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá náà gbé awò amóhun-tóbi, ó sì fi imú ìkọ́ hàn mí. Ẹnì kan ti fi fáìlì ha á di tínínrín kí irin ìfà lè fúyẹ́. Imú tínínrín náà kò kún ojú ìkọ́ ìdajì mọ́, ó sì ti jẹ etí rẹ̀. Mo mọ ẹni náà. Ní ọjọ́ ogbó bàbá mi, ìka rẹ̀ kò lágbára mọ́, kò sì fẹ́ kí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Alágbẹ̀dẹ náà ní: “Ìbọn tí ó kọ̀ ń dójú ti olówó rẹ̀ ni. Èyí tí ń jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an ni kí ẹ bẹ̀rù.”

Ìkádìí

A kò yìn ìbọn náà ní ọjọ́ ìsìnkú. Ti àwọn ẹlòmíràn dún. Tiwa wà nílé, títí a ó fi rọ ìkọ́ àti irin róbótó tuntun fún un. Òfin Ìbọn ti 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ, ó sì fi òté lé rírọ ìbọn àti títún un ṣe. Ẹni tí ó bá ti rí ìkọ́ bàbá mi yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́. Èkíní ni pé àléébù apátí ní ètò: a ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì. Èkejì ni pé ìdajì kì í ṣe ibi ìsinmi fún ìbọn tí a kò yẹ̀ wò. Ní òní, ìbọn náà kò ní apátí. Inú àpótí kan ni apátí rẹ̀ wà. Síbẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé e láti nù ún, ògiri ni ó ń kọjú rẹ̀ sí. Ta ni í jẹ́ jẹ́ kí á dojú rẹ̀ kọ òun?