Ọmọbìnrin Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Fọ́tò: Níbo Ni Yóò Ti Kọ́ Ìlò Iná?

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ yín obìnrin bá wí fún yín pé iṣẹ́ fọ́tò ni òun fẹ́ kọ́, tí kì í ṣe ti ká máa ya kiri òde ìnáwó, bí kò ṣe ti inú ilé ìyàwòrán níbi tí a ti ń to iná sí ènìyàn lójú, ẹ má tètè kọ̀ fún un. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ní ọjọ́ tí a so yìgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ni ó ya ìyàwó nínú yàrá, nígbà tí ó ṣí orí sílẹ̀ láàrin àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí ẹni tí ó yà á. Ọkùnrin ni fọtogíráfà tí a pè, kò sì yẹ kí ó wọlé. Wọ́n a wá fi fóònù ya ara wọn lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo tí ó wà ní àjà: ojú yóò wọ kòtò, òjìji imú yóò sì dúró lórí ètè òkè bí irunmú ọkùnrin.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún obìnrin tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ni ibi tí a ti ń kọ́ ìlò iná, nítorí ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ, wọ́n a sì ra iná mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ìlò ẹyọ kan.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bèèrè bóyá fọ́tò yíyà dára nínú ẹ̀sìn. Ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan kọ̀ ọ́; ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti òde òní sì wí pé ohun tí kámẹ́rà mú kò yàtọ̀ sí àwòrán inú dígí, bí ohun tí a yà kò bá ti burú. Ẹ bi àfáà yín. Àwa tí a ń tẹ àwòrán sí ojú ewé wọ̀nyí ní tiwa, ẹ ti mọ ibi tí a dúró sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Ibn al-Haytham, tí a bí ní ìlú Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì kú ní Kairo ní nǹkan bí 1040, ni ó kọ ìwé ńlá lórí ìríran, Kitab al-Manazir. Ó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wọ inú ojú wa, kì í ṣe pé ojú ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Ó sì fi yàrá òkùnkùn tí ó ní ihò kékeré lára wá ìdí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. Kámẹ́rà ọmọ yín, yàrá òkùnkùn olóhò kan náà ni.

Nítorí náà, ilé-ìwé àkọ́kọ́ kò gba owó. Fèrèsé ni. Ẹ ní kí ọmọ gbé ẹyin adìyẹ kan sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ràn sí tààrà, kí ó pa iná yòókù. Kí ó wo bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe mọ́lẹ̀, tí èkejì sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ láìsí ààlà. Kí ó wá ti fèrèsé náà títí yóò fi ku àlàfo kékeré: òjìji ẹyin yóò le, etí rẹ̀ yóò sì mú bí abẹ. Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà ti tán síbẹ̀. Iná tí ó fẹ̀ tí ó sì súnmọ́ ènìyàn a máa rọ̀. Iná tí ó kéré tàbí tí ó jìnnà a máa le. Agboorùn funfun àti àpótí aláṣọ funfun tí ẹ ń rí ní ilé ìyàwòrán, iṣẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iná bá le jù, kí á sún un sẹ́yìn ni ó máa rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò dínkù lóòótọ́, ó sì ń yára dínkù: bí iná bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ojú, tí a sún un dé ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù, kì í ṣe ìdajì. Ṣùgbọ́n òjìji yóò túbọ̀ le, nítorí pé iná náà ti kéré lójú ẹni tí a ń yà.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kò fi ọ̀pọ̀ iná bẹ̀rẹ̀. Seydou Keïta, ọmọ Bamako ní ilẹ̀ Mali, tí a bí ní 1921, ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní 1948. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nínú àgbàlá ni ó fi ya ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó wá bá a, aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn wọn. Loni a ń gbé àwòrán wọ̀nyí kọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ní ilẹ̀ òyìnbó. Ní tiwa níhìn-ín, J. D. 'Okhai Ojeikere ra Brownie kan tí kò ní fíláàṣì ní 1950, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin wa, iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú ní 2014. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ sọ fún un nípa Felicia Abban ti Accra, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí ó ní ilé ìyàwòrán tirẹ̀ láti ìgbà èwe, tí ó sì ya Kwame Nkrumah.

Lẹ́yìn fèrèsé ni ìwé. Èyí tí a yàn láàyò ni Light: Science and Magic, tí Fil Hunter àti Paul Fuqua kọ́kọ́ gbé jáde ní 1990. Kò sọ irú iná tí a ó rà. Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ṣe bí ó ti ń ṣe ni ó sọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, David Hobby, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn, bẹ̀rẹ̀ Strobist ní 2006. Ẹ̀kọ́ tí ó pè ní Lighting 101 níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, fíláàṣì kékeré kan ni ó sì fi kọ́ni. Àwọn fídíò pọ̀ lọ bí yanrìn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ọjà ni wọ́n ń polówó.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé. Ẹ gbé àwòrán dáradára kan, kí ẹ wo ẹyinjú ẹni náà. Àmì funfun tí ń dán nínú rẹ̀ ni iná tí a fi yà á. Bí ó bá jẹ́ onígun mẹ́rin, fèrèsé tàbí àpótí ni. Bí ó bá rí roboto, agboorùn ni, tàbí àwo. Bí ó bá jẹ́ méjì, iná méjì ni. Òjìji imú yóò sì sọ ìhà tí ó ti wá. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta kékeré lábẹ́ ojú, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wà nínú òkùnkùn, Rembrandt ni wọ́n ń pè é, orúkọ ayàwòrán ọlọ́dà ilẹ̀ Họ́lándì tí ó kú ní 1669. Iná kan, ní ẹ̀gbẹ́ àti lókè díẹ̀ sí ojú, ti tó fún un.

Níbi àwọ̀ ara wa ni kí ọmọ ti dúró pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ń wọn bí fọ́tò aláwọ̀ ṣe yẹ kí ó rí, èyí tí kò ro ti àwọn aláwọ̀ dúdú rárá. Kámẹ́rà òde òní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn mọ aṣọ: ohun gbogbo ni ó fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Bí obìnrin dúdú bá wọ hìjáàbù funfun báláú, kámẹ́rà yóò rí funfun púpọ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú yóò sì rì sínú òkùnkùn. Kí ọmọ wọn ìmọ́lẹ̀ ní ojú, kì í ṣe ní aṣọ. Lórí fóònù, kí ó fi ìka tẹ ojú ẹni náà. Kí ó wá fi páálí dúdú ṣíji bo àyà, kí funfun má bàa jóná. Kí ó má sì da iná bo ojú kí ó lè pọ́n: awọ dúdú a máa dán, dídán yẹn ni ẹwà rẹ̀, iná ńlá láti ẹ̀gbẹ́ ni ó sì ń mú un jáde.

Bí ó bá kan ti ọ̀gá, ẹ wá obìnrin bí ẹ bá lè rí i. Bí ọkùnrin ni, ẹ má fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo síbẹ̀. Kí ó jẹ́ àwọn méjì, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ lọ wo iṣẹ́ ọ̀gá náà kí ẹ tó san owó. Bí gbogbo ojú tí ó yà bá rí bákan náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó mọ̀.

Láti ọjọ́ kìíní ni kí ọmọ ti mọ̀ pé àwòrán obìnrin tí ó ṣí orí sílẹ̀ níwájú òun, àmánà ni. Kò gbọdọ̀ gbé e sí Facebook láti fi polówó, kò gbọdọ̀ fi han ọkọ rẹ̀ ní ọ̀la. Kí ó fún ìyàwó ní gbogbo rẹ̀, kí ó sì pa tirẹ̀ rẹ́ bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta tí ó bá rí i pé ó pa á mọ́ ni yóò mú ọgbọ̀n wá.

Ohun kan kù, nítorí pé ìyá àgbà a máa wà nínú àwòrán ìyàwó. Bí iná bá ń kọ mànà nínú awò ojú màmá, ẹ má ṣe ní kí ó bọ́ ọ, kò ní mọ ara rẹ̀ nínú fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kan dígí ni ó ṣe ń ta padà. Ẹ gbé iná sókè díẹ̀ sí i, kí màmá sì tẹ àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí ń wo ọmọ-ọmọ lórí ẹsẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ yóò sì hàn.