Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀ bóyá aláìsàn ọpọlọ tún máa ṣe èèyàn léṣe?

Tí ìròyìn bá jáde pé ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ṣe èèyàn léṣe, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé: "Ẹ tì í mọ́lé títí láé!" Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń fa ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ta ló máa sọ pé ẹnì kan léwu, kí ló sì máa fi mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ti New York. Wọ́n ti Johnnie Baxstrom mọ́ ilé ìwòsàn tó dà bí ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn tó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Lọ́dún 1966, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní wọn ò fún un ní ẹ̀tọ́ tí òfin fún àwọn yòókù. Bí wọ́n ṣe kó àwọn bíi tirẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tí kì í ṣe ti ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. Àyà àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ já. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ tọpasẹ̀ wọn fún ọdún bíi mélòó kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n kàn ń ti ọ̀pọ̀ wọn mọ́lé lásán ni?

Ìyẹn ló fà á tí wọn ò fi yẹ kó máa fojú díwọ̀n mọ́. Ìwé àyẹ̀wò kan wà tó ń jẹ́ HCR-20, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Nǹkan 20 ló ń wò. 10 jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá: ṣé ó ti hùwà ipá rí, ṣé ó ń lo oògùn olóró? 5 jẹ́ ti ìsinsìnyí: ṣé àmì àìsàn ṣì ń yọ, ṣé ó ń gba ìtọ́jú? 5 tó kù jẹ́ ti ọ̀la: ibo ló máa gbé, ta ló máa dúró tì í?

Nínú wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì kan ń lo ti Norway tó ń jẹ́ Brøset. Àmì 6 ni wọ́n ń ṣọ́: kí nǹkan dà rú mọ́ ọn lójú, ìkanra, ariwo, kó fẹnu halẹ̀, kó gbọ́wọ́ sókè sí èèyàn, kó máa fọ́ nǹkan. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á tètè fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀, wọ́n á mú un lọ síbi tó pa rọ́rọ́, dókítà á tún oògùn rẹ̀ yẹ̀ wò. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n dúró dìgbà tó máa di pé wọ́n ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè sọ ọ̀la fúnni láìtàsé o. A ò lè yí àná padà, àmọ́ ìtọ́jú, ilé àti alábàárò, ọwọ́ wa ló wà. Torí náà, ẹ má kàn máa bi dókítà pé, "Ṣé ó léwu?" Ẹ bi í pé, "Kí la máa ṣe tí ewu náà á fi dín kù?"