Ehín Ọgbọ́n: Ìgbà Tí Yíyọ Rẹ̀ Yẹ àti Ìgbà Tí Kò Yẹ

Nínú gbogbo ehín ẹnu, kò sí èyí tí í pẹ́ dé bí ehín ọgbọ́n. Ọmọ ọwọ́ a máa hu ehín kí ó tó pé ọdún kan. Ehín wọ̀nyí a ká, òmíràn a sì rọ́pò wọn. Nígbà tí ọmọ bá fi tó nǹkan bí ọdún 13, ehín 28 ti sábà pé sí ẹnu rẹ̀. Àwọn 4 tí ó kù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní ìpẹ̀kun párì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, a máa dúró títí ènìyàn yóò fi wà láàárín ọdún 17 sí 25. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ kọ́lẹ́jì wà gan-an nìyí. Nítorí pé ìgbà tí a gbà pé ojú ènìyàn ti là ni wọ́n ń yọ ni a ṣe fi ọgbọ́n sọ wọ́n lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tí ó kú ní 322 kí a tó bí Kristi, kọ ọ́ pé ní ogún ọdún ni ehín ìkẹyìn ń yọ, ó sì fi kún un pé a ti rí àwọn obìnrin tí tiwọn yọ lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú ìrora ńlá.

Bí a bá tẹ́tí sí àwọn ènìyàn, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí lórí ọ̀ràn ehín yìí. Apá kan ní kí a yọ ọ́ dànù ní kété tí ó bá ti ń dun ni. Apá kejì ní kí a má fọwọ́ kàn án láéláé, nítorí pé bí a bá yọ ehín òkè, ojú a fọ́. A ń gbọ́ èkejì yìí lẹ́nu àwọn àgbà tí a kò gbọdọ̀ bá jiyàn, ṣùgbọ́n a ní láti wí i kedere pé kò rí bẹ́ẹ̀: iṣan tí ojú fi ń ríran kò sí níbi tí ẹ̀mú oníṣègùn ehín lè dé. Ní tiwa, a kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú apá méjèèjì. Bí ehín náà ti wà nínú párì, àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ni ó yẹ kí ó pinnu, kì í ṣe ìrora ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù. Ọ̀ràn náà kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gidigidi. Láìpẹ́ a ó tú ká sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn mìíràn nínú wa yóò sì bọ́ sí ìletò tí kò sí oníṣègùn ehín ní ìtòsí rẹ̀. Olùkọ́ tí párì rẹ̀ dè, tí kò lè la ẹnu ju ìbú ìka kan lọ, kí ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ní a, b, d?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ehín yìí fi ń há. Ehín 8 ni ó yẹ kí ó wà ní ìdajì párì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo àga gbọọrọ kan ní kíláàsì, tí àyè ọmọ méje péré wà lórí rẹ̀. Àwọn méje ti jókòó, wọ́n ti fara balẹ̀; ẹ̀kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé. Bí àyè bá ṣẹ́kù, yóò jókòó dáradára. Bí kò bá sí, yóò fi ìdí kan jókòó, tàbí kí ó fara ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, tàbí kí ó kúkú dùbúlẹ̀ sẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ehín ọgbọ́n ń ṣe. Ní 1926 George Winter, oníṣègùn ehín ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ehín ọgbọ́n ìsàlẹ̀, ó sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà: èyí tí ó nàró, èyí tí ó tẹ̀ síwájú, èyí tí ó tẹ̀ sẹ́yìn, àti èyí tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Àwọn oníṣègùn ṣì ń lo ìpín yìí títí di òní. Èyí tí ó tẹ̀ síwájú, tí ó fi orí sọ ehín tí ó ṣáájú rẹ̀, ni ó wọ́pọ̀ jù nísàlẹ̀.

Kí ni kì í jẹ́ kí àyè tó? Ìdílé ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí a máa ń jogún ìwọ̀n párì àti ìwọ̀n ehín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kò ní ehín ọgbọ́n kankan rárá. A gbà pé oúnjẹ pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀, pé párì ọmọ tí ń rún ohun líle a máa gbòòrò ju ti ẹni tí ó jẹ́ pé ohun rírọ̀ nìkan ni ó ń gbé mì. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2000, tí a fi àwọn ará ìlú ńlá wé àwọn ará oko ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, rí i pé ehín ọgbọ́n tí ó há pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú ju ti àwọn ará oko lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwọn ará oko ṣẹ̀sín nítorí àgbàdo sísun wọn, ẹ rọra.

Ehín tí ó há sínú egungun pátápátá lè dákẹ́ títí ayé. Èyí tí ó yọ ìdajì, tí ó sì ku ìdajì, ni kí a ṣọ́ra fún. Èrìgì a máa bò ó lórí bí ọmọrí tí kò dé ìkòkò tán. Èérún oúnjẹ a wọ abẹ́ rẹ̀. Orin kì í dé ibẹ̀, bí ó ti wù kí orin náà korò tó. Búrọ́ọ̀ṣì pàápàá, agbára káká ni í fi dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ti ń bí sí i. (Kì í ṣe kòkòrò funfun tí àwọn ẹlẹ́tàn ń fi han ènìyàn lọ́jà pé inú ehín ni àwọn ti yọ ọ́, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ehín ẹnikẹ́ni.) Èrìgì a wú, ẹnu a máa rùn, gbígbé itọ́ mì a di ìṣòro, párì a dè. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí a bá ń fi omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, ó lè lọ sílẹ̀, olúwarẹ̀ a sì rò pé ó ti tán. Kò tán. Ọmọrí náà ṣì wà lórí ìkòkò, yóò sì tún padà bọ̀, bóyá ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an.

Nígbà mìíràn àrùn náà kì í dúró ní èrìgì. Ní 1836 oníṣègùn ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ṣe àpèjúwe wíwú líle kan tí ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, tí ń tàn dé ọrùn, tí ó sì lè ti ahọ́n sókè títí yóò fi dí ọ̀nà èémí. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà títí di òní, ehín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ sì ni ó sábà máa ń ti wá. Kí àwọn oògùn bíi penicillin tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mú ni ó kú. Nítorí náà, bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, bí itọ́ kò bá ṣe é gbé mì, bí ohùn bá yí padà tàbí tí mímí ń nira, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Kí a má ṣe da ògógóró tàbí omi bátìrì sí i, kí a má sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀mú yọ ehín lábẹ́ igi. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbà wo, nígbà náà, ni yíyọ yẹ? Àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn kò fi ohùn kan sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí a yọ ehín ọgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó dá wàhálà sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí NICE, tí ń ṣe ìlànà fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, pàṣẹ ní 2000 pé kí a má ṣe yọ ehín ọgbọ́n tí ó há ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn. Bí èrìgì bá wú lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò sì le, ìgbìmọ̀ náà ní kò tíì tó ìdí. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ó tó. Bí ehín náà bá ti jẹrà kọjá àtúnṣe, tàbí tí àpò omi ń wú nínú egungun ní ìdí rẹ̀, ìyẹn náà tó. Àwa fara mọ́ ti Ìlú Ọba, nítorí a kò rí ìdí tí a fi ní láti la egungun ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi ohun kan kún un. Ẹni tí tirẹ̀ ti wú lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má ṣe sún un di ọdún mẹ́wàá òní. Ní ọjọ́ orí wa yìí, gbòǹgbò ehín náà lè má tíì gùn tán, egungun tí ó yí i ká kò sì tíì le bí ti àgbà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni yíyọ rẹ̀ ń nira sí i, tí jíjinná egbò rẹ̀ sì ń pẹ́ sí i. Ilé ìwòsàn ńlá àwọn yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní Ifẹ̀, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀ka ìṣègùn ehín.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀rù tó bí a ti ń ròyìn rẹ̀. Oníṣègùn yóò kọ́kọ́ ya àwòrán X-ray, láti rí bí ehín náà ti dùbúlẹ̀ àti bí ó ti súnmọ́ iṣan tí ń gba inú egungun párì ìsàlẹ̀ kọjá, èyí tí ètè ìsàlẹ̀ fi ń mọ ohun tí ó bá kàn án. Lẹ́yìn náà yóò gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí a mọ ìrora. Ètè a wá dà bí ẹni pé kì í ṣe tiwa mọ́. Bí ehín bá yọ síta dáradára, ẹ̀mú ni yóò fi mì ín títí yóò fi tú. Bí ó bá há, yóò la èrìgì, yóò fi ẹ̀rọ kékeré gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára egungun tí ó bò ó, yóò gé ehín náà sí méjì tàbí mẹ́ta, yóò yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì rán ojú rẹ̀. A ó mọ̀ pé wọ́n ń tì, wọ́n ń fà, a ó sì gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dun ni. Bí ó bá ń dun ni, kí a nawọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì, wọn yóò sì fi kún oògùn náà. Àwọn ará ìṣáájú kò rí irú èyí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1844, Horace Wells, oníṣègùn ehín ní Hartford ní Amẹ́ríkà, lọ wòran níbi tí Gardner Colton ti ń fi afẹ́fẹ́ kan pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó rí ọkùnrin kan tí ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe lẹ́yìn tí ó fa afẹ́fẹ́ náà símú, tí kò sì mọ̀. Ní ọjọ́ kejì Wells fúnra rẹ̀ fa á símú, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John Riggs, yọ ehín ọgbọ́n òun. Lidocaine, tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ àwọn oníṣègùn ehín lónìí, 1943 ni Nils Löfgren ṣe é ní Sweden.

Ewu kan wà tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn kí a tó jókòó sórí àga rẹ̀: ètè tàbí ahọ́n lè wà láìmọ nǹkan lára fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan bí a bá fara kan iṣan. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Ní ti àwọn díẹ̀, kì í padà.

Ìtọ́jú lẹ́yìn yíyọ ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ihò ehín ni aṣọ tí ó bo egungun. A ó di òwú mímọ́ mọ́ ehín fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ní gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a má ṣe yọ ẹnu, kí a má ṣe tu itọ́ tagbára-tagbára, kí a má ṣe fi ẹnu fa ohun mímu nínú ìgò, kí a má sì mu sìgá. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí kúrò, egungun a wà ní ìhòòhò; ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ìrora tí ń gun etí a bẹ̀rẹ̀, oògùn ìrora kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Kí olúwarẹ̀ padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, yóò fọ ihò náà, yóò sì fi oògùn dí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wú jù ní ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà a máa lọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni kí a máa rọra fi yọ ẹnu. Ẹ̀kọ mímu tí kò gbóná, ọ̀lẹ̀lẹ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú, gbogbo ìwọ̀nyí dára. Gaàrí mímu, tí í ṣe ọ̀rẹ́ àwa ọmọ ilé-ìwé, ni kí a yẹra fún fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí wóró rẹ̀ a máa kó sínú ihò. Èrìgì a padé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin; egungun abẹ́ rẹ̀ a gba oṣù mélòó kan kí ó tó kún.