Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹfà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ wa ni ó máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. AA, AS tàbí SS ni a máa ń kọ síbẹ̀. Kí ni àwọn lẹ́tà náà ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Bí a bá jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja, ara yóò tú purotéènì inú rẹ̀ sí àwọn èròjà kéékèèké tí a ń pè ní amínò ásíìdì. Ogún irú wọn ni ara fi ń kọ́ purotéènì tirẹ̀. Yóò tún wọn sín bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ètò tí a sì fi sín wọn ni ó ń pinnu iṣẹ́ tí okùn náà yóò ṣe.

Hẹmoglóbíìnì, tí ó kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa, jẹ́ okùn mẹ́rin tí ó so pọ̀. Irin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró káàkiri ara. Okùn méjì ní ìlẹ̀kẹ̀ 141, méjì yòókù ní 146.

Lórí okùn oní-146 yìí ni ọ̀ràn wà. Ó yẹ kí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà jẹ́ glutamic acid, tí ó fẹ́ràn omi. Lára ẹni tí ó ní SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, valine ni ó wà níbẹ̀, valine sì ń sá fún omi bí òróró. Nígbà tí hẹmoglóbíìnì bá ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, valine yìí yóò fara pamọ́ sí ara hẹmoglóbíìnì tí ó wà nítòsí, ìyẹn yóò lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí wọn yóò fi di ọ̀pá gígùn tí ó ń na sẹ́ẹ̀lì náà kí ó rí bí dòjé. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni ó ń dí òpójẹ̀ tóóró. Ìrora rẹ̀ kọjá àfẹnusọ.

Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé hẹmoglóbíìnì yìí yàtọ̀. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram ní Cambridge rí ìlẹ̀kẹ̀ náà gan-an. Ṣáájú ìgbà náà, àbíkú ni wọ́n pe ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìyá ni wọ́n sì di ẹ̀bi rù. Ó dùn wá pé a ṣì ń gbọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ ìyá ni S kan ti wá, ọ̀dọ̀ bàbá ni èkejì ti wá. Ti ìyá nìkan kò tó.

Ara AS sábà máa ń le, ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í sì tètè pa á ní èwe. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́! Àwọn tọkọtaya kan ti gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí, wọ́n sì kábàámọ̀.

Ọmọ tuntun tí ó jẹ́ SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí irú hẹmoglóbíìnì mìíràn ni ó bá wá láti inú oyún. Oògùn hydroxyurea ń mú kí ara tún máa ṣe irú ti inú oyún yẹn. Omi náà ṣe pàtàkì: bí omi inú sẹ́ẹ̀lì bá dín, hẹmoglóbíìnì yóò fún mọ́ra, ọ̀pá náà yóò sì tètè gùn. Ọmọ tí ó ń jáde lọ mu omi láàárín ìsìn lè má jẹ́ aláìgbọràn rárá.