Ìgbín Tí Ẹnu Rẹ̀ Wà Lápá Òsì

Ẹ mú ìkarahun ìgbín kan, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín. Ẹ ó rí i pé apá ọ̀tún yín ni ẹnu náà wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbín ńlá tí a ń ṣà nínú oko kòkó láti Sekona títí dé Ifẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n irú ìgbín ńlá kan wà tí apá òsì ni ẹnu tirẹ̀ wà. A kò lè rí i níbòmíràn ní ayé àfi ní erékùṣù São Tomé àti Príncipe, tí ó wà láàrin òkun ní ìsàlẹ̀ Nàìjíríà, àjọ IUCN tí ń ṣọ́ ẹ̀dá àgbáyé sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun.

Inú igbó tí ó tutù, tí òjìji igi bò dáadáa, ni ìgbín yìí fẹ́ràn. Àwọn Pọtogí ti gé púpọ̀ nínú igbó náà láti gbin ìrèké, kọfí àti kòkó. Èyí tí ó ṣẹ́kù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Obô, ni ìjọba wọn sọ di igbó ọba ní ọdún 2006. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń ṣa ìgbín náà jẹ, wọ́n sì ń fi ṣe oògùn. Àwa náà mọ bí ọ̀ràn yìí ti rí: ìgbín kò lè sá fún ẹni tí ó gbé fìtílà wọ igbó ní òru.

Ohun kẹta ni ó kàn wá jù. Wọ́n kó irú ìgbín ilẹ̀ tiwa yìí gan-an lọ sí erékùṣù náà. Tiwa kò yan ibùgbé: ó ń gbé inú oko, ó ń gbé ẹ̀yìn ilé, ó sì ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ìgbín erékùṣù ń fà sẹ́yìn sínú igbó òkè. Ẹ̀rù ń ba àwọn onímọ̀ pé àlejò yìí lè máa bá onílé du oúnjẹ, tàbí kí ó kó àrùn ràn án.

Nítorí náà, ẹni tí ń lọ sí òkè òkun kò gbọdọ̀ kó ìgbín ààyè sínú ẹrù rẹ̀, ìbáà ṣe láti fi ta ará ilé lọ́rẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò fàyè gbà á, àwọn aṣọ́bodè a sì máa gbà á lọ́wọ́ èrò.